Wáìnì ìdílé Yalumba: èwo ni kí a rà fún bàbá ọkọ mi?

Àdùkẹ́_Adelaide

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Bàbá ọkọ mi ń bọ̀ wá kí wa láti London, wọn yóò sì pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn wáìnì gan-an, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé ìgò kalẹ̀ níwájú wọn, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Wọ́n ti sọ fún ọkọ mi pé àwọn kò fẹ́ wáìnì iléeṣẹ́ ńlá tí ẹnikẹ́ni lè ra ìpín rẹ̀ lọ́jà. Ibi tí bàbá ti gbé iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, tí ọmọ náà sì ń bá a lọ títí dòní, ni wọ́n fẹ́ kí a mú àwọn lọ.

Aládùúgbò wa kan ní kí a lọ sí Yalumba ní Angaston. Èmi kì í fẹnu kan ọtí, nítorí náà ẹnu yín ni mò ń wò. Ṣé lóòótọ́ ni ìdílé kan náà ṣì ni ibẹ̀? Irú wáìnì wo ni wọ́n ń ṣe, èwo ni kí a sì rà fún ọjọ́ ìbí bàbá? Wọ́n tún fẹ́ gbé ìgò díẹ̀ padà sí London. Owó wa kò pọ̀ jù, àmọ́ bí ìgò kan bá wà tó yẹ ẹ́, a lè ná 100 dọ́là lé e lórí.

Bàbá_Fọlá

Ẹ ra Penfolds kí ẹ sinmi. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìdílé Penfold ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní Adelaide gan-an. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, kò sí àlejò tí yóò béèrè ìbéèrè.

Dọ̀tun_Barossa

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Bàbá Fọlá. Orúkọ ìdílé ló kù lára ìgò Penfolds, ìdílé fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, Dókítà Christopher Rawson Penfold àti Mary ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Magill ní 1844. Ṣùgbọ́n láti 1962 ni ó ti wà lórí ọjà ìpín, ó sì ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn kí ó tó di ti Treasury Wine Estates tó ni ín báyìí. Wáìnì rẹ̀ dára, n kò bà á jẹ́. Àmọ́ ohun tí bàbá ní àwọn kò fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àdùkẹ́, aládùúgbò yín kò ṣì yín lọ́nà. Inú ọgbà àjàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Barossa, agbègbè tí Angaston wà. Yalumba ni ilé ọtí ìdílé tó dàgbà jù ní Australia nínú àwọn tó ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé tó dá wọn sílẹ̀.

Samuel Smith ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń pọn bíà ní ìlú Wareham ní Dorset. Ní 1847 ni òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí South Australia. Nígbà tí wọ́n dé Angaston, ó rí iṣẹ́ ọgbà ṣe fún ìdílé George Fife Angas, olówó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà. Ní 1849, Smith ra éékà 30 tirẹ̀ létí ìlú. Ọ̀gá ló ni ọ̀sán, nítorí náà òru ni Smith fi ṣe tirẹ̀: lábẹ́ òṣùpá ni òun àti Sidney ọmọ rẹ̀ ti gbin àjàrà àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ariwo wúrà sọ ní Victoria, ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà, òun náà bá wọn lọ ní 1852. Ọ̀pọ̀ ló lọ tó padà lọ́wọ́ òfìfo. Smith mú 300 pọ́n-ùn bọ̀, kò sì fi ṣe fújà. Ó fi ra éékà 80 sí i, ó ra ẹṣin méjì, ọkọ́ ìtúlẹ̀ àti ìjánu. Inú owó wúrà yẹn ni oko náà ti di oko. Ẹ sọ ìtàn yìí fún bàbá nínú ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, yóò dùn mọ́ wọn.

Bí ẹ bá débẹ̀, ilé gogoro tí aago wà lórí rẹ̀ ni ojú yín máa kọ́kọ́ bọ́ sí. 1908 ni wọ́n kọ́ ọ, òkúta mábù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n wà ní Angaston ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó rẹwà, ẹ yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti ń kan àgbá. Ilé ọtí tó pọ̀ jù máa ń ra àgbá wọn lọ́wọ́ oníṣòwò àgbá ni. Yalumba ní àwọn kafíńtà tirẹ̀. Wọ́n máa ń ra pákó óákù láti Faransé àti Amẹ́ríkà, wọ́n á tò ó síta gbangba, òjò á máa pa á, oòrùn á máa sá a, títí kíkorò inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n tó ń gé e, tí wọ́n ń fi iná yá a títí yóò fi tẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òrùka irin dè é pọ̀. Ẹni tó bá kan àgbá lónìí, pákó tí ẹlòmíràn tò síta ló ń lò, òun náà á sì tò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Oníṣirò owó tó ń wá èrè oṣù mẹ́ta mẹ́ta kò ní gbà kí owó sùn síta nínú òjò báyẹn. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdílé ló ni ibẹ̀ lóòótọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sá wọ àárín àjàrà láti ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní phylloxera, òun ló run ọgbà àjàrà Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó wọ Victoria, kò wọ Barossa rí. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà lásán lè gbé e dé. Nítorí pé kò dé ibí ni a ṣe ṣì ní igi àjàrà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń so.

Ẹ̀gbọ́n_Láńre

Dọ̀tun ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn náà tẹ̀ síwájú, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Yalumba máa ń dúró sórí òṣùpá àti wúrà, wọ́n á sì fo ibi tó ti kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dojú dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1938, ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n ń pè ní Kyeema gbéra ní Adelaide, ó ń lọ sí Melbourne. Kùrukùru bo ilẹ̀, ọkọ̀ náà sì lọ sọ lu òkè Dandenong. Àwọn 18 tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kú. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ olórí ilé ọtí mẹ́ta: Sidney Hill Smith ti Yalumba (kì í ṣe Sidney ọmọ Samuel), Hugo Gramp ti Orlando, àti Tom Hardy ti ilé Hardy. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdánù olórí wọn.

Ní Yalumba, Wyndham àbúrò Sidney ló gba ipò. Wọ́n dúró. Ẹ wá wo àwọn méjì yòókù. Ìdílé Gramp ta Orlando fún iléeṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ilé Hardy da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Berri Renmano ní 1992, ìdílé sì pàdánù ìdarí. Orúkọ méjèèjì ṣì wà lára ìgò. Yalumba nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọmọ onílé nínú mẹ́ta yẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé ó rọrùn fún Yalumba náà. Gbogbo wa mọ ohun tí ogún máa ń dá sílẹ̀ bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá ti pọ̀. Ìpín wọn ti fọ́n sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí, àwọn kan sì fẹ́ gba owó wọn. Ní 1989, Robert Hill-Smith àti Sam arákùnrin rẹ̀ ra ìpín àwọn ẹbí yòókù. Ìran karùn-ún nìyẹn. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdílé kan náà ló ni ín láti 1849, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan nínú ìdílé ló rà á padà kí ó má bàa bọ́.

Mọ̀lẹ́bí wọn kan, Michael Hill Smith, ni ọmọ Australia àkọ́kọ́ tó gba Master of Wine, oyè ńlá nínú ìmọ̀ wáìnì, ní 1988. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni òun àti Martin Shaw, ìbátan rẹ̀, dá Shaw + Smith sílẹ̀ ní orí òkè Adelaide. Bí àyè bá wà, ibẹ̀ náà kò jìnnà sí yín.

Abíọ́nà

Ìtàn yín dára, àmọ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àárín. Éékà 30 tí Smith rà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Àwọn Peramangk àti Ngadjuri ló ń gbé agbègbè yẹn kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dá South Australia sílẹ̀ ní 1836, kò sì sí ẹni tó rà á lọ́wọ́ wọn. Ìjọba gbà á, ìjọba tà á. Èdè àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ Yalumba fúnra rẹ̀ jáde, wọ́n ní "gbogbo ilẹ̀ tó yí wa ká" ni. Bí a bá fẹ́ sọ fún bàbá àgbàlagbà pé a mú wọn wá síbi tí ogún ti ń lọ láti ìran dé ìran, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ogún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Bàbá_Fọlá

Arábìnrin mi, ọjọ́ ìbí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wáìnì ni Àdùkẹ́ béèrè.

Abíọ́nà

Ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè ìpìlẹ̀ ilé náà pẹ̀lú. Yorùbá ni wá, a kì í dé ìlú kí a má béèrè ẹni tó ni ilẹ̀.

Dọ̀tun_Barossa

Abíọ́nà sọ òótọ́. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n sá fún ìyà nítorí ẹ̀sìn Luther wọn, tí wọ́n tẹ̀dó sí Bethany ní 1842, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ẹ jẹ́ kí bàbá gbọ́ apá méjèèjì.

Tóún_Sydney

Mo ń gbé wáìnì fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ ní Sydney, nítorí náà ọ̀rọ̀ inú ìgò ni tèmi.

Àdùkẹ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ọkọ yín: ṣé wáìnì pupa ni bàbá ń mu jù tàbí funfun? Ṣé wọ́n fẹ́ràn èyí tó wúwo lẹ́nu tàbí èyí tó fúyẹ́? Ẹnu àlejò ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé owó.

Bí ó bá jẹ́ funfun, Viognier ni Yalumba fi yàtọ̀ sí gbogbo ilé tó kù ní Australia. Irú àjàrà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Condrieu ní Faransé, níbi tó ti wá, ní àwọn ọdún 1960. Ní 1980, Yalumba gbin hẹ́kítà kan àti díẹ̀ ní Eden Valley, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣòwò níbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí pé ó ṣòro: bí ẹ bá tètè ká a, kò ní ní òórùn; bí ẹ bá pẹ́ jù, á wúwo bí òróró. Louisa Rose, tó di olórí àwọn tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀, ló mú un dé ibi tó wà lónìí. Òórùn rẹ̀ jẹ́ ti èso apricot àti òdòdó, atalẹ̀ díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ga jù nínú rẹ̀ ni The Virgilius.

Bí ó bá jẹ́ pupa, The Signature ni mo máa gbé fún bàbá mi. Wọ́n da Cabernet Sauvignon pọ̀ mọ́ Shiraz, irú àjàrà pupa méjì, láti Barossa. Ní Faransé, wọn kì í sábà da méjèèjì yìí pọ̀ mọ́, àṣà Australia ni, ẹnu mi sì gbà á gidi: Cabernet fún un ní egungun, Shiraz fún un ní ẹran. Láti ìkórè 1962 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tó mú kí n yàn án ni pé ìkórè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń bu ọlá fún ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ tàbí tó ti ṣe ilé náà lóore, orúkọ ẹni náà á sì wà lára ìgò. Àwọn tí wọ́n ti fi bọlá fún kì í ṣe ọmọ onílé nìkan. Fún ẹni tí ń ka ara ìgò bíi ti bàbá yín, kò sí èyí tó dára tó o. Kò tó 100 dọ́là.

The Octavius ju 100 lọ. Shiraz láti ara igi àgbà ni, inú àgbá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní octave ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, àwọn kafíńtà tí Dọ̀tun sọ ni wọ́n sì kàn án. Ó lágbára gan-an. The Caley ju 300 lọ. Cabernet láti Coonawarra, agbègbè mìíràn ní South Australia, pẹ̀lú Shiraz láti Barossa. Fred Caley Smith, ọmọ-ọmọ Samuel, ni wọ́n fi sọrí, ẹni tó rìn yí ayé ká ní 1893 sí 1894 tó ń kọ lẹ́tà sílé nípa ohun tó ń rí. Ìtàn rẹ̀ dùn, wáìnì rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí rẹ̀ fún ìpàdé tí ènìyàn pọ̀ sí. Wáìnì báyẹn nílò àwọn díẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò ni Grenache wọn, irú àjàrà pupa mìíràn. Wọ́n ní oko kan tí igi rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1889, ọdún tí Samuel Smith fúnra rẹ̀ kú. Igi náà kéré, kò ní okùn tó gbé e dúró, èso rẹ̀ kò pọ̀. Wáìnì rẹ̀ fúyẹ́ lójú, ó sì jinlẹ̀ lẹ́nu. Yalumba ló kọ́kọ́ ṣe òfin ní 2007 nípa ohun tí a lè pè ní igi àgbà: ọdún 35, 70, 100 àti ju 125 lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì ni Barossa lódindi gba irú rẹ̀.

Kúnlé_Leeds

Ẹ kú àlàyé. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń tà fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù níbí láti Australia ni Yellow Tail, iléeṣẹ́ ńlá tí ń tú wáìnì jáde bí omi ẹ̀rọ. Mo rò pé bàbá ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ẹ̀bẹ̀ mi kan: ẹ má gbé ìgò onídèérí lílọ́ fún àgbàlagbà. Èyí tó ní kọ́ọ̀kì ni wáìnì tó gbayì.

Dọ̀tun_Barossa

Kúnlé, ìdílé ló ni Yellow Tail náà. Filippo àti Maria Casella kó wá láti Sicily ní 1957, wọ́n ra oko ní Yenda ní New South Wales, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ọtí níbẹ̀ ní 1969. 2001 ni àwọn ọmọ wọn gbé Yellow Tail jáde. Títóbi kò sọ pé kì í ṣe ti ìdílé, kékeré náà kò sì sọ pé ti ìdílé ni. Tahbilk ní Victoria, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti ìdílé, ọdún 1860 ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 1925 ni ìdílé Purbrick tó ni ín báyìí rà á. Ní 2009, ìdílé 12 kóra jọ, wọ́n pe ara wọn ní Australia's First Families of Wine. Yalumba, Henschke, Tahbilk, Tyrrell's àti De Bortoli wà níbẹ̀. McWilliam's wà nínú wọn pẹ̀lú, ó ti ń ṣòwò láti 1877. Ní 2020 gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdílé mìíràn, Calabria, ló sì ra orúkọ náà ní 2021. Kì í ṣe ohun tí a lè fi dánu pé "ìdílé ló ni ín" kí a sì lọ sùn.

Ní ti ìdérí, Yalumba fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìdérí lílọ́ wọ Australia ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì lò ó fún Riesling (wáìnì funfun kan) láti oko Pewsey Vale, èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́ nígbà náà pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, wọ́n sì padà sí kọ́ọ̀kì. Ní 2000, àwọn tó ń ṣe Riesling ní Clare Valley fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò gba kọ́ọ̀kì mọ́, torí kọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ máa ń mú kí wáìnì rùn bí páálí tí omi pa. Lónìí, ìgò Hill of Grace ti ìdílé Henschke, láti ara igi tí wọ́n gbìn ní nǹkan bí 1860, tí owó rẹ̀ ga kọjá àfẹnusọ, ìdérí tí kì í ṣe kọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fi dé e.

Kúnlé_Leeds

Ẹ ṣeun. Ní ti Riesling mo gbà. Ní ti pupa fún ọjọ́ ìbí, mo ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn kọ́ọ̀kì nígbà tó bá ń jáde. Àgbàlagbà fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá_Ìbùkún

Kò tíì sí ẹni tó bi Àdùkẹ́ pé kí ni wọ́n máa sè. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ wa, ata ni yóò ṣe ìdájọ́. Wáìnì pupa tó lágbára máa ń fún ẹnu pọ̀, bí ata bá sì pàdé rẹ̀, ahọ́n á máa jó. Mo ti rí i níbi ìnáwó tí wọ́n ti gbé Shiraz olówó ńlá ti ọbẹ̀ ata, kò sí ẹni tó mu ife kejì. Ẹ gbé Viognier ti ẹ̀fọ́ rírò àti ìrẹsì ọ̀fadà, kí ẹ fi The Signature sílẹ̀ di ìgbà tí ẹran àgùntàn sísun bá jáde, láìsí ata púpọ̀.

Bí àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí bá kàn, wáìnì dídùn kan wà ní ilé De Bortoli tí wọ́n ń pè ní Noble One. Vittorio De Bortoli wá láti Ítálì ní 1924. Ní 1928, nígbà tí àjàrà pọ̀ jù lọ́jà tí wọn kò rí ẹni rà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un fúnra rẹ̀ ní Bilbul. Ní 1982, Darren ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú àjàrà Semillon tó ti hu lára igi, ó sọ ọ́ di wáìnì tó dùn bí oyin. Ìhù yẹn ni ó ń fa omi inú èso náà gbẹ, tí adùn nìkan fi kù.

Ẹ sì rántí pé bí àwọn Mùsùlùmí bá wà nínú ẹbí tó ń bọ̀, kí ẹ ní ohun mímu mìíràn tó gbayì nílẹ̀ fún wọn, kí ó má jọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wọn ni.

Tóún_Sydney

Mo gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Ìyá Ìbùkún àfi ti Viognier. Ọtí inú Viognier náà kì í kéré, ọtí sì máa ń tanná ran ata. Riesling láti Eden Valley ni kí ẹ gbé ti ẹ̀fọ́, kí ó tutù dáadáa. Pewsey Vale wà nínú ẹbí Yalumba, kò sì wọ́n. Ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó máa ń fọ ẹnu. Viognier á bá adìyẹ tàbí ẹja tí wọ́n fi atalẹ̀ sè mu.

Ìyá_Ìbùkún

Riesling ti ń gbẹ jù fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí bàbá tó dé. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, Viognier mi ṣì wà níbẹ̀.

Wálé_Brisbane

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi. Láti Adelaide dé Angaston tó nǹkan bí kìlómítà 80, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Òfin South Australia kò gba kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó 0.05, ìtọ́wò níbi mẹ́ta lè mú un dé ibẹ̀ láìmọ̀. Àdùkẹ́ kì í mu, nítorí náà òun ni kí ó wa ọkọ̀. Ẹ tún sọ fún bàbá pé kò sí àbùkù nínú títu wáìnì dànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò. Àwo wà fún un lórí tábìlì. Ẹ pè ṣáájú kí ẹ tó lọ, pàápàá bí ẹ bá pọ̀.

Ní ti London: inú báàgì tí ẹ ó fà lé ọkọ̀ lọ́wọ́ ni ìgò ní láti wà, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lọ́wọ́ wọlé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba kí ènìyàn kan mú lítà 18 wáìnì wọlé láìsan owó orí, ìgò 24 nìyẹn. Ìwúwo báàgì ni yóò dá wọn dúró kí òfin tó dá wọn dúró. Ìgò mẹ́fà nínú páálí tí ilé ọtí fi fóòmù ṣe ti tó. Àwọn aṣọ kò lè dáàbò bo ìgò, ẹ má fi ṣòkòtò wé e.

Àdùkẹ́_Adelaide

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọkọ mi ní pupa ni bàbá ń mu, àti pé wọ́n fẹ́ràn kí wáìnì ní ọjọ́ lórí. The Signature ni a máa rà, méjì: ọ̀kan fún ọjọ́ ìbí, ọ̀kan tí a máa tọ́jú fún ìgbà tí bàbá bá tún padà wá. Màá ra Riesling ti ẹ̀fọ́ náà, Ìyá Ìbùkún, màá sì ra Viognier kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ilé wa kò ní àjà ilẹ̀, ooru Adelaide sì ń bọ̀. Ibo ni kí n tọ́jú ìgò kejì sí? Ọkọ mi ní kí n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì.

Tóún_Sydney

Kíṣìnnì kọ́ o! Wáìnì kò dà bí ẹmu tó ń kan kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, irú The Signature lè lo ogún ọdún kí ó sì máa dára sí i, ṣùgbọ́n ooru lè bà á jẹ́ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ìwọ̀n 13 sí 15 lórí Celsius ló fẹ́ jù, kí ó má sì máa lọ sókè sódò. Ní Adelaide tí ooru máa ń kọjá 40, ẹ wá yàrá tó wà ní ìhà gúúsù ilé, tí oòrùn kì í dé, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nínú páálí. Bí kọ́ọ̀kì ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wáìnì lè máa rin kọ́ọ̀kì náà, kí ó má gbẹ. Ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ẹ má sì fi sínú rẹ̀ fún ọdún. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní fíríìjì wáìnì, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àyè ìgò kan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ gbé e dìde ní òwúrọ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ṣí i ní wákàtí kan kí oúnjẹ tó jáde.

Ẹ̀gbọ́n_Láńre

Kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lára ìgò náà sókè fún bàbá kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ilé ọtí pé iṣẹ́ wo ni ẹni náà ṣe níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín.